Ohun èlò tí kì í bá iná lọ: fún ẹni tó ń fi kóòdù kíkọ dára yá ní Èkìtì

Ìbéèrè tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa kọ kóòdù máa ń kọ́kọ́ bi èèyàn kì í ju méjì lọ: láptọ́ọ̀pù wo ni kí n rà, èdè wo ni kí n kọ́? Èyí tó yẹ kó ṣáájú méjèèjì rèé: bí wọ́n bá mú iná lọ láago méje alẹ́ òní, tí dátà sì ti tán lórí fóònù, kí ló kù tí ẹ lè ṣe? Bó bá jẹ́ pé ńṣe lẹ máa pa gbogbo rẹ̀ dé, tí ẹ máa wá ibùsùn lọ, a jẹ́ pé ohun èlò yín kò tíì bá ibi tí ẹ ń gbé mu. Níbi tí iná kì í ti í lọ, èèyàn lè ra ohun tó bá wù ú. Ní Adó, ní Ìkọ̀lé, ní Ìjerò, ẹ̀rọ tó dáa ni èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí gbogbo àdúgbò ti ṣókùnkùn.

Ìdíwọ̀n tí mo fi wọn gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí nìyẹn. Ẹni tó ń fọwọ́ kan kóòdù fún ìṣẹ́jú 40 lójoojúmọ́ máa ń ṣáájú ẹni tó ń jókòó tì í fún wákàtí 8 lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ojoojúmọ́ yẹn sì ni àìsíná ń bá wa fà á.

Fóònù tó wà lọ́wọ́ ná

Ẹ má tíì náwó. Bí Android orí fóònù yín bá ti jẹ́ 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, áàpù tó ń jẹ́ Termux á ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ó sì máa sọ fóònù náà di Linux kékeré (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows) tí Python, èdè kóòdù kan, àti Git, tó ń tọ́jú ìtàn àyípadà kóòdù, lè gbé nínú rẹ̀. Orí F-Droid, ibi tí wọ́n ti ń gba áàpù lọ́fẹ̀ẹ́, ni kí ẹ ti gbà á. Èyí tó wà lórí Play Store kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú rẹ̀, bí ẹ bá sì ti mú Termux láti ibì kan, ibẹ̀ náà ni kí ẹ ti mú àwọn àfikún rẹ̀ bíi Termux:API, nítorí pé kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi fọwọ́ sí wọn yàtọ̀ síra, Android kò sì ní jẹ́ kí wọ́n bára wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré lẹ máa tẹ nǹkan:

```
pkg update
pkg install python git nano
termux-setup-storage
```

Àṣẹ kẹta ló ń jẹ́ kí Termux rí fódà Download orí fóònù. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ni kí ẹ máa kọ iṣẹ́ yín sí o. Inú ilé Termux fúnra rẹ̀, ìyẹn ibi tí `cd ~` ń gbé yín lọ, ni kí ẹ máa kó kóòdù sí. Bí ẹ bá gbé e sí Download, `python -m venv`, tó ń ya yàrá sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, máa kọ̀, nítorí pé ibi ìkóǹkansí gbogbogbòò yẹn kò fàyè gba àwọn fáìlì atọ́ka tí venv nílò, Git náà á sì máa ṣàròyé pé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ni fódà náà.

Ohun méjì míì máa ń da àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàmú. Àkọ́kọ́ ni `pip install numpy`: pip ni Python fi ń gba àfikún, numpy sì jẹ́ àfikún fún ìṣirò. Lórí Termux, ńṣe ni pip máa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ numpy láti ìpìlẹ̀, fóònù á gbóná bí ìkòkò, á sì já a sílẹ̀ lẹ́yìn bíi wákàtí kan. `pkg install python-numpy` ni kí ẹ lò, wọ́n ti sè é tán. Èkejì ni ọ̀rọ̀ *signal 9* tó máa ń ṣàdédé yọ lójú Termux, tí gbogbo rẹ̀ á sì kú. Android 12 ló mú un wá: bí àwọn iṣẹ́ tí áàpù bí bá ti ju 32 lọ káàkiri fóònù, Android á bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n. Lórí Android 14, ẹ wọ Developer options, ẹ wá "Disable child process restrictions", ẹ tàn án.

Kíbọọ̀dù USB lásán, irú èyí tí wọ́n ń lò pẹ̀lú kọ̀ǹpútà orí tábìlì, pẹ̀lú okùn OTG kan tó ń so USB mọ́ fóònù, ó ti parí. Kíbọọ̀dù yẹn kì í mu iná púpọ̀, fóònù ló ń gbé e. Oṣù méjì àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ ju èyí lọ, lójú tèmi. Ẹni tí kò bá lè fi ìyẹn kọ ìlà 10 lóòjọ́, láptọ́ọ̀pù kò ní í sọ ọ́ di òǹkọ̀wé kóòdù.

Bí owó láptọ́ọ̀pù bá wá dé

Bí a bá gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Tòkunbọ̀ ni kí ẹ rà. Láptọ́ọ̀pù tuntun olówó pọ́ọ́kú sábà máa ń wá pẹ̀lú RAM (àyè tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) 4GB tí wọ́n ti jó mọ́ pátákó inú rẹ̀, tí kò ní ṣeé fi kún títí ayé. Tòkunbọ̀ tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ ọ́fíìsì, bíi ThinkPad T470 àti T480, ṣeé tú, nǹkan inú rẹ̀ ṣeé pààrọ̀, kíbọọ̀dù rẹ̀ sì lè gba ìlù ọdún mẹ́wàá.

Ìdí tí mo fi ń dárúkọ méjèèjì yìí gan-an ni bátìrì. Méjì méjì ni wọ́n ní: ọ̀kan wà nínú, ọ̀kan wà lẹ́yìn tó ṣeé yọ. Èyí tó wà lẹ́yìn ṣeé yọ nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, torí pé tinú á gbé e dúró títí ẹ ó fi ti òmíràn bọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ní bátìrì ẹ̀yìn méjì ti ní "jẹnẹrétọ̀" tí kì í pariwo. Ihò RAM náà jẹ́ méjì, DDR4 ni wọ́n ń lò. Ẹ ṣọ́ra fún T480s o. Ẹyọ lẹ́tà s yẹn ti mú ihò RAM kan lọ, ó sì ti mú bátìrì ẹ̀yìn lọ pẹ̀lú.

Èwo ni kí ẹ mú nínú T470 àti T480? T470 ní ojú méjì tí iná lè gbà wọlé, ihò ṣájà onígun mẹ́rin ti Lenovo àti USB-C. T480 ní USB-C nìkan, ihò méjì. Bí ihò USB-C méjèèjì ti T480 bá bàjẹ́, kò sí ọ̀nà míì tí iná máa gbà dé inú rẹ̀. Àìsàn kan sì wà tí T480 mọ̀ dáadáa: sọ́fítíwíà àtijọ́ inú Thunderbolt, ẹ̀yà tó ń darí USB-C rẹ̀, máa ń kọ nǹkan sínú chip láìdáwọ́dúró títí chip á fi kún, tí USB-C á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Lenovo ti gbé àtúnṣe rẹ̀ jáde, ọjọ́ tí ẹ bá rà á gan-an ni kí ẹ fi sí i, kó tó di pé ó kú. Ohun tí T480 fi ju T470 lọ ni ọpọlọ rẹ̀: Intel ìran 8 ló pọ̀ jù nínú wọn, èyí tí Windows 11 gbà. Ìran 6 àti 7 ló wà nínú T470, Windows 11 kò sì gbà wọ́n ní ìlànà. Windows 10 ẹ̀wẹ̀, Microsoft ti jáwọ́ nínú rẹ̀ láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ẹni tó bá máa lo Linux kò ní ìṣòro pẹ̀lú èyíkéyìí nínú wọn, torí náà T470 lè dín owó kù fún un.

Àwọn kan á ní kí ẹnì kan bá àwọn rà á wá láti Computer Village n'Íkẹjà. Ó lè dín lówó lóòótọ́. Àmọ́ bí ojú ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú lọ́sẹ̀ kejì, owó ọkọ̀ láti Adó sí Ìkẹjà, àlọ àti àbọ̀, ti jẹ èrè yẹn tán. Ẹ rà á níbi tí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn padà sí.

Ohun tí ẹ máa ṣe ní ṣọ́ọ̀bù

Ẹ mú fláàṣì 8GB tí Linux Mint wà lórí rẹ̀ dání. Mint Xfce ni mo ní lọ́kàn, torí pé ó fúyẹ́. Fáìlì rẹ̀ tó bíi 3GB, torí náà dátà òru ni kí ẹ fi gbà á. Rufus ló ń kọ ọ́ sórí fláàṣì lórí Windows. Bí ẹ bá ti fi fláàṣì náà sí láptọ́ọ̀pù tí wọ́n fẹ́ tà fún yín, F12 ni kí ẹ máa tẹ̀ lórí Lenovo àti Dell bó bá ṣe ń tàn, F9 lórí HP. Mint á dìde láti orí fláàṣì láìfọwọ́ kan ohunkóhun nínú ẹ̀rọ náà. Ọ̀nà yìí ló fi hàn bóyá Wi-Fi, ohùn, kámẹ́rà àti kíbọọ̀dù ń ṣiṣẹ́, kò sì sí ọ̀rọ̀ dídùn olùtajà tó lè bo èyí mọ́lẹ̀.

Ṣáájú ìyẹn, ẹ tẹ F1 lórí ThinkPad kí ẹ wọ BIOS, ojú ètò ẹ̀rọ tó máa ń ṣáájú Windows. Bó bá béèrè *supervisor password*, ẹ kí wọn pé ó dàárọ̀, kí ẹ máa lọ. Wọ́n lè sọ pé bátìrì róbótó inú rẹ̀ làwọn máa yọ tí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé náà á fi pa rẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ lórí ThinkPad. Inú chip tí kì í gbàgbé nǹkan bí iná bá lọ ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí.

Tí Mint bá ti dìde, ẹ ṣí terminal, ojú tí a ń tẹ àṣẹ sí, ẹ tẹ `upower -d`. Ọ̀rọ̀ tó máa yọ pọ̀, àwọn ìlà mẹ́ta yìí ni kí ẹ wá fún bátìrì kọ̀ọ̀kan:

```
energy-full:         15.2 Wh
energy-full-design:  24.0 Wh
capacity:            63.3%
```

Ìlà kejì ni ohun tí bátìrì náà lè gbà nígbà tó jáde ní iléeṣẹ́, tàkọ́kọ́ ni ohun tó kù tó lè gbà báyìí. Tòkunbọ̀ tó bá ṣì wà lókè 60% kò burú. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ 40%, ẹ dúnàá-dúrà pẹ̀lú owó bátìrì tuntun lọ́kàn. Ẹ ti ṣájà bọ̀ ọ́, ẹ mi orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, kí ẹ tún `upower -d` tẹ̀. Ibi tí wọ́n kọ *state* sí fún bátìrì tó ń gba iná lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ dúró lórí *charging*. Bó bá ń lọ tó ń bọ̀, ihò yẹn ti lọ.

`free -h` máa sọ iye RAM, `lsblk` máa sọ bí dísíìkì ṣe tóbi tó. Tí dísíìkì bá jẹ́ oníyíyí ti àtijọ́, SSD, dísíìkì tí kì í yí, ni kí ẹ kọ́kọ́ fi owó rà, kó tó kan RAM. Ìyàtọ̀ tí SSD máa ń mú wá ju ti RAM lọ fún ẹni tó ń kọ ìwọ̀nba kóòdù.

Ìṣirò iná

Láptọ́ọ̀pù irú èyí, tó bá wà lórí Mint, tí ẹ kàn ń kọ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ tí ojú rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ jù, máa ń jẹ bíi wáàtì 8 sí 12. Bátìrì inú 24Wh àti tẹ̀yìn 48Wh jẹ́ 72Wh nígbà tí wọ́n wà ní tuntun; Wh ni iye wáàtì tó lè gbé fún wákàtí kan. Tí méjèèjì bá ti gbó dé 60%, 43Wh ló kù. Ẹ pín in sí 10, wákàtí mẹ́rin àti díẹ̀ nìyẹn. Alẹ́ kan tó láti kọ́ nǹkan.

Power bank ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Wọ́n á rí 20,000mAh lára rẹ̀, wọ́n á rò pé ó máa gbé láptọ́ọ̀pù. Ẹ yí i dojú dé, kí ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀ níbi *Output*. Tó bá dúró sí 5V, 9V àti 12V, fóònù ló wà fún. Èyí tó máa gbé T480 gbọ́dọ̀ ní 20V nínú ìlà yẹn, bíi "20V 2.25A", èyí tó jẹ́ wáàtì 45. Ní ti agbára tó wà nínú rẹ̀, 20,000mAh yẹn, tí wọ́n wọ̀n ní 3.7V, jẹ́ 74Wh. Díẹ̀ á ṣòfò lójú ọ̀nà bó ṣe ń gbé 3.7V lọ sí 20V, nǹkan bí 60Wh ló máa dé inú láptọ́ọ̀pù. Wákàtí mẹ́fà míì nìyẹn pẹ̀lú ìṣirò òkè yìí.

Kọ̀ǹpútà orí tábìlì? Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó má rà á, ṣùgbọ́n láìsí UPS, bátìrì tó ń gbé e dúró bí iná bá lọ, ìgbàkígbà tí iná bá já ni fáìlì tó ń kọ lọ́wọ́ lè bàjẹ́. Láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ kò lè gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ pàápàá sàn jù ú, torí pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn tó láti tọ́jú iṣẹ́ àti láti pa ẹ̀rọ bó ṣe yẹ.

Ohun tí ẹ máa fi kọ ọ́, àti ohun tí ẹ máa kà

Thonny fún ẹni tó ń kọ́ Python. Yunifásítì Tartu ní Estonia ló ti jáde, Python ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ lórí Windows, ó sì ní ohun kan tí mi ò rí irú rẹ̀ níbòmíràn: ó máa ń fi hàn yín, ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bí Python ṣe ń ṣírò ìlà kan láti inú lọ sí òde. Geany dáa fún àwọn èdè yòókù. VS Code lágbára, kò sí àníàní, àmọ́ lórí 4GB, òun àti Chrome kò lè jọ gbé nínú ilé kan.

Èdè wo? Python tàbí JavaScript, ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ má ṣe fi oṣù kan ṣàṣàrò lórí rẹ̀. Kí ẹ ṣáà jìnnà sí Android Studio tí ẹ̀rọ yín kò bá tíì ní 8GB, ó kéré tán.

Ibi tí owó dátà ti ń jo lọ ni kíka ìwé ìtọ́nisọ́nà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́, nígbà tó ṣeé gbà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lórí ẹ̀rọ tí Python ti wà, `python3 -m pydoc -b` máa ṣí ìwé àlàyé nínú bíráwúsà láìsí íntánẹ́ẹ̀tì rárá, ó ti wà nínú ẹ̀rọ yín látọjọ́ yìí. Ìwé Python tó kún, tí ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dára púpọ̀, ṣeé gbà ní fáìlì zip láti docs.python.org. Zeal ń kó ìwé àlàyé oríṣiríṣi èdè pọ̀ sójú kan lórí Windows àti Linux. DevDocs ń ṣe irú rẹ̀ nínú bíráwúsà: ẹ wọ *Offline data*, ẹ tẹ *Install* sí iwájú Python, HTML, CSS àti JavaScript, ó parí. Ìwé MDN, tó jẹ́ àgbà nínú ọ̀rọ̀ wẹ́ẹ̀bù, ni èyí tí DevDocs ń lò fún HTML, CSS àti JavaScript. Àwọn tó ń kọ èdè Rust ní `rustup doc`.

Fún ìdánrawò, ìkànnì Exercism ló bá wa mu jù, torí pé ìbéèrè rẹ̀ ṣeé gbà sílẹ̀:

```
exercism download --track=python --exercise=hello-world
```

Ìbéèrè, àlàyé àti ìdánwò rẹ̀ á wọlé pọ̀ sínú fódà kan. Ẹ lè ṣe é ní Ìkògòsì lábẹ́ igi, kí ẹ fi `pytest`, àfikún Python tó ń dán kóòdù wò, wò ó bóyá ó tọ́, kí ẹ sì fi `exercism submit` ránṣẹ́ nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì bá dé. CS50, ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ti Yunifásítì Harvard, tí David Malan ń kọ́, kò ní ẹlẹgbẹ́ fún ẹni tó fẹ́ mọ ìdí tí nǹkan fi ń ṣẹlẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Àmọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Fídíò rẹ̀ hàn kedere tó ní 360p.

Àwọn áàpù tó ń dáhùn ìbéèrè bí èèyàn, ẹ lè lò wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ka àṣìṣe tí ẹ̀rọ kọ jáde, láti ìlà tó kẹ́yìn lọ sókè. Ìlà ìkẹyìn ló ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, èyí tó wà lókè rẹ̀ ń sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Ìdajì ìbéèrè á ti tán níbẹ̀.

Ti pip náà ṣeé ṣe láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Níbi tí Wi-Fi bá wà, ẹ tẹ èyí (requests ni àfikún tí ẹ fẹ́, apoti ni fódà tí ẹ máa kó o sí):

```
pip download requests -d apoti
```

Nígbà tí ẹ bá délé:

```
pip install --no-index --find-links apoti requests
```

Ibi tó ti máa ń wọ́: pip á gba èyí tó bá ẹ̀rọ tó ń gbà á mu. Ẹ má fi Windows ọ̀rẹ́ yín gba nǹkan fún Linux yín, bí ó bá jẹ́ irú numpy, kò ní wọlé. Lórí Mint tuntun, pip á tún kọ̀, á ní *externally-managed-environment*. Kò bàjẹ́. Ó fẹ́ kí ẹ ya yàrá sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kí ẹ má bàa ba Python tí Mint fúnra rẹ̀ ń lò jẹ́:

```
sudo apt install python3-venv
python3 -m venv .venv
source .venv/bin/activate
```

Lẹ́yìn náà pip á gbọ́ràn. Àwọn kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì á ní kí ẹ fi `--break-system-packages` sí i. Orúkọ rẹ̀ ti sọ ohun tó máa ṣe.

Ẹ tún ṣe èyí lójú ẹsẹ̀ bí ẹ bá ń lo hotspot fóònù pẹ̀lú Windows: nínú ètò Wi-Fi náà, ẹ tan *Metered connection*. Láìṣe bẹ́ẹ̀, Windows á rò pé Wi-Fi ọ̀fẹ́ ló rí, á sì mu dátà ọ̀sẹ̀ kan tán láàárín wákàtí kan.

Ọ̀rọ̀ ọ, ẹ àti ṣ

Ibi tí ìwé àwọn aláwọ̀ funfun kì í dé nìyí, òun náà sì ni ibi tí iṣẹ́ àkọ́kọ́ wa ti sábà máa ń fọ́. Ẹni tó bá kọ áàpù tó ń to orúkọ oúnjẹ, tàbí orúkọ ìlú, tàbí orúkọ ọmọ ìjọ, kò ní í pẹ́ tó fi máa pàdé rẹ̀.

Ẹ kọ fáìlì kan tí ọ wà nínú rẹ̀, kí ẹ fi `open("oruko.txt")` kà á lórí Windows. Ohun tí ẹ máa rí ni *'charmap' codec can't decode byte 0x8d*. Ìdí rẹ̀ ni pé báìtì mẹ́ta ni UTF-8, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà tọ́jú lẹ́tà, fi ń kọ ọ, E1 BB 8D, Windows sì ń fi cp1252, tábìlì lẹ́tà àtijọ́ tirẹ̀, kà á, èyí tí kò sí nǹkan kan ní 8D nínú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé fáìlì tó ní ẹ àti ṣ nìkan kò fa àṣìṣe kankan: ẹ kàn máa di `áº¹`, ṣ á sì di `á¹£`. Oògùn méjèèjì kò ju ẹyọ kan lọ, `open("oruko.txt", encoding="utf-8")`, nígbà kíkà àti nígbà kíkọ.

Èyí tó le jù ni pé ọ̀rọ̀ kan náà lè ní ìrísí méjì. Ẹ wo `ọ̀nà`. Ojú rí lẹ́tà mẹ́ta. Bí kíbọọ̀dù kan bá kọ ọ́ ní ìrísí NFC (tí a so àmì mọ́ lẹ́tà níbi tó bá ti ṣeé ṣe), `len`, tó ń ka iye àmì, á sọ pé 4, torí pé Unicode, àtòjọ nọ́ḿbà fún gbogbo lẹ́tà, kò ní ẹyọ àmì kan ṣoṣo fún ọ̀: ọ dá wà, àmì ohùn dá wà. Bí kíbọọ̀dù míì bá kọ ọ́ ní NFD (tí a tú gbogbo àmì kúrò lára lẹ́tà), 6 ni. Ojú kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n `==` á ní wọn kì í ṣe ọ̀kan. Àwọn ìwé àtijọ́ kan tún wà tí wọ́n fi ìlà kékeré tó dúró, U+0329, sísàlẹ̀ dípò àmì kíkán, U+0323. NFC kì í da àwọn yẹn pọ̀, ọwọ́ yín lẹ máa fi yí i.

Títò ní ABD ńkọ́? `sorted`, àṣẹ tí Python fi ń to nǹkan, kò mọ Yorùbá. Ó ń to nǹkan ní nọ́ḿbà Unicode, ìyẹn ló fi ń ti gbogbo ẹ, ọ àti ṣ sẹ́yìn z. Lẹ́tà gb náà sì wà, tó jẹ́ ẹyọ kan lójú wa, tí ẹ̀rọ ń kà sí méjì. Èyí ló máa ń tún un ṣe:

```
import unicodedata as u

ABIDI = u.normalize("NFC", "abdeẹfgGhijklmnoọprsṣtuwy")

def ipo(oro):
    oro = u.normalize("NFD", oro.lower())
    oro = oro.replace("\u0329", "\u0323")
    oro = "".join(h for h in oro if h not in "\u0300\u0301\u0304")
    oro = u.normalize("NFC", oro).replace("gb", "G")
    return [ABIDI.find(h) for h in oro]

ounje = ["iyán", "ẹ̀bà", "gbẹ̀gìrì", "gúgúrú", "àmàlà", "ọbẹ̀"]
print(sorted(ounje))
print(sorted(ounje, key=ipo))
```

`sorted` lásán á gbé gbẹ̀gìrì síwájú, gúgúrú á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà iyán, àmàlà, ẹ̀bà, ọbẹ̀. Pẹ̀lú `key=ipo`, ó di àmàlà, ẹ̀bà, gúgúrú, gbẹ̀gìrì, iyán, ọbẹ̀, bí ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣe máa tò ó. Gúgúrú ṣáájú torí pé gbogbo g ló gbọ́dọ̀ tán kí gb tó bẹ̀rẹ̀. G ńlá inú ABIDI ló ń dúró fún gb. Àmì ohùn ni a bọ́ kúrò, àmì ìsàlẹ̀ ni a fi sílẹ̀, torí pé ọ yàtọ̀ sí o gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà, ṣùgbọ́n ó àti ò kò yàtọ̀. `find` máa ń dá -1 padà fún àlàfo tàbí ìsopọ̀, èyí tó ń jẹ́ kí "Ìdó-Èkìtì" ṣáájú "Ìdòwú" láìsí wàhálà.

Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ á bára wọn dọ́gba nínú kóòdù yìí, bí ẹ bá ṣe kọ wọ́n ni wọ́n ṣe máa tò. Ẹni tí ìyẹn bá dùn lọ́kàn lè jẹ́ kí `ipo` dá méjì padà, nọ́ḿbà àti ọ̀rọ̀ gan-an, kí ohùn lè ya àwọn tó dọ́gba. Fún ibi ìwáǹkan, ẹ bọ́ U+0323 náà kúrò lára ohun tí ẹ ní àti ohun tí wọ́n tẹ̀, torí pé ẹni tó ń wá Ọ̀yẹ́ lórí fóònù, "oye" ló máa tẹ̀.

Orúkọ inú kóòdù ẹ̀wẹ̀, ẹ má fi àmì sí i. Python gbà á, ó sì máa ń sọ ìrísí méjèèjì di ọ̀kan fúnra rẹ̀, àmọ́ JavaScript kì í ṣe bẹ́ẹ̀. `ọjà` méjì tó jọra bí ìbejì lè wà nínú fáìlì kan, kí ọ̀kan ní iye, kí èkejì má ní.

Tí ẹ bá fẹ́ kó àtòjọ náà jáde ní CSV (fáìlì àtẹ lásán) fún ẹni tó ń lo Excel, `utf-8` nìkan kò tó. `encoding="utf-8-sig"` ni kí ẹ fi kọ ọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀bà á di `áº¹` tòun ti jágbajàgba lẹ́yìn rẹ̀ bí wọ́n bá ṣe tẹ fáìlì náà lẹ́ẹ̀mejì.